Ilẹ̀ Gbágungbàgun Tí Ẹní Bò

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, kí àlàáfíà Ọlọ́hun máa bá gbogbo wa gbé. Ẹ fa àwọn ọmọdé mọ́ra, kí àwọn náà lè gbọ́ èyí. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ kí a mú relé lónìí: iṣẹ́ tí o bá búra sí, ṣe é débi tí ojú ènìyàn kò dé. Ṣé ẹ gbọ́? Débi tí ojú ènìyàn kò dé.

Bíríkìlà kan wà ní ìlú olókè kan, Gàníyù Àyìnlá lorúkọ rẹ̀. Mọ́sáláásí àdúgbò rẹ̀ wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, wọ́n sì gbẹ́ yàrá kan sábẹ́ rẹ̀, àjà ilẹ̀ tí àwọn obìnrin ti ń kírun. Ṣùgbọ́n kọnkéré ilẹ̀ ibẹ̀ rí gbágungbàgun. Bí omi àlùwàlá bá kán sílẹ̀, igun kan ṣoṣo ló ń ṣàn lọ. Ibẹ̀ ni ẹní ti ń jẹrà, ibẹ̀ náà ni àwọn ìyá arúgbó ti ń fẹsẹ̀ kọ. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́wàá kí àwẹ̀ bẹ̀rẹ̀, Lémọ́ọ̀mù ránṣẹ́ pe Gàníyù pé kó wá tún ilẹ̀ náà ṣe.

"Wàláì, mo fi Ọlọ́hun búra," ni Gàníyù wí, "ilẹ̀ yìí yóò tẹ́ pẹrẹsẹ bí omi inú abọ́."

Ó kúkú mọ bí wọ́n ti ń ṣe é. Wọn a kọ́kọ́ fi irin ṣá ilẹ̀ àtijọ́ lára, kí tuntun lè rí ibi dì mú. Wọn a fọ eruku rẹ̀ dànù. Wọn a rọ omi sínú rọ́bà gbọọrọ, wọn a gbé e yí ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká. Ibi tí omi bá dúró sí ni wọn a sàmì sí, nítorí omi kì í ṣègbè. Kí ni Gàníyù wá ṣe? Iṣẹ́ mìíràn ń dúró dè é. Ògiri méjì péré ló wọ̀n. Kò ṣá ilẹ̀, kò fọ̀ ọ́. Ó da sìmẹ́ńtì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé eruku lórí, ó sì fi irin dán an títí ó fi ń kọ mànà. Ó rí i pé igun yẹn ṣì tẹ̀. Ó ní nínú ọkàn rẹ̀ pé, "Ẹní yóò bò ó."

Háà! Mélòó nínú wa ló ní ohun tí ẹní ń bá a bò nílé?

Nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, àwọn obìnrin rọ́ wọlé. "Máṣàálọ̀hù! Gàníyù, èèyàn lè wé gèlè nínú ilẹ̀ yìí láìwá dígí!" Gàníyù rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ẹ̀yìn wọn ni Ìyá Sẹ̀lìátù ń bọ̀, ìyá arúgbó tí ojú rẹ̀ ti fọ́ tipẹ́, tó ń fi ọ̀pá wá ọ̀nà. Kí ni dídán ilẹ̀ kan afọ́jú? Ó ń fi ọ̀pá kanlẹ̀ lọ: kò, kò, kò. Ó dé igun. Pò, pò, pò, bí ẹni ń lu akèǹgbè òfìfo.

Ìyá náà dúró títí àwọn yòókù fi gòkè lọ.

"Àyìnlá."

"Ìyá, mo wà níbí."

"Ọmọ mi, ibi tí mo ti ń fi iwájú orí kanlẹ̀ fún Ọlọ́hun nìyí. Abẹ́ ẹ̀ ṣófo."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Ẹní máa bò ó."

"Mi ò ní sọ fún ẹnì kankan. Ṣùgbọ́n Ẹni tí o fi búra ńkọ́? Ẹní wo lo fẹ́ tẹ́ fún Un?"

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, bí wọ́n ti kí àsùbáà tán, Gàníyù dìde láàárín èrò. "Ilẹ̀ tí ẹ yìn mí sí, irọ́ ni mo rẹ́ síbẹ̀." Ó gbé òòlù, ó sọ̀kalẹ̀.

"Gàníyù, ṣé orí ẹ pé ṣá? Àwẹ̀ ku ọjọ́ mẹ́fà!"

"Ó ti dán, kí ló tún kù?"

"Ó ku kó tẹ́," ni ó dá wọn lóhùn, kò gbójú sókè.

Sìmẹ́ńtì ń ṣí bí èépá ojú egbò. Eruku tí kò fọ̀ ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Ó ṣá ilẹ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Ó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló gbé rọ́bà omi yí ká, ó tún un wọ̀n kó tó da kọnkéré tuntun. Àwọn tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ fi í sílẹ̀ nígbà tó yá.

Nígbà tí àwẹ̀ ku ọ̀la, ó fa Ìyá Sẹ̀lìátù lọ́wọ́ wọ àjà ilẹ̀, ó gbé búùtà tó kún fún omi lé e lọ́wọ́. "Ìyá, ẹ dà á sílẹ̀."

Omi náà tàn ká jẹ́jẹ́ sí gbogbo ẹ̀gbẹ́, kò sí igun tó pè é. Wọ́n nù ún gbẹ. Ìyá fi ọ̀pá kanlẹ̀ dé igun: kò, kò, kò. Ó tún un kàn: kò, kò, kò. Gàníyù sáré lọ gbé ẹní.

"Má tíì tẹ́ ẹ, ọmọ mi." Ó fi ọ̀pá ti ògiri, ó kúnlẹ̀, ó sì fi iwájú orí kan kọnkéré lásán.

Ẹ̀yin ọmọ mi tó ń kọ́ṣẹ́, ẹ̀rù ń bà mí nítorí yín bí ẹ̀rù ti ń ba ìyá tí ọmọ rẹ̀ gun àkàbà. Èyí tí ẹ bá ti ṣe tí kò tẹ́, ẹ má dán an. Ẹ fọ́ ọ.

Ọlọ́hun Ọba, ibi tí a ti tẹ́ ẹní bò nínú ayé wa, rán ẹni tí yóò fi ọ̀pá kàn án sí wa, kí ó tó di ọjọ́ tí Ìwọ yóò ká ẹní. Fún wa ní apá tí yóò gbé òòlù. Áámíìn.