Ilẹ̀kùn Ọkọ̀ Kò Ní Àpá

Alága wa lónìí, Ọ̀gá Clément, Dírẹ́tọ̀ Ẹgbẹ́ Alájùmọ̀ṣe Àgbẹ̀ Òkè Kétu, mo kí yín. Ẹ̀yin ìjòyè àti àgbà ìlú tí ẹ fi ìkórè àgbàdo sílẹ̀ nítorí ayẹyẹ ìfẹ̀yìntì mi, mo dọ̀bálẹ̀ fún yín níbi tí mo dúró sí, orúnkún ni kò gbà mọ́. Fadá, mo kí yín. Lèmọ́mù, mo kí yín. Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ ohun tí bàbá yín bọ, mi ò yọ yín sílẹ̀. Ẹ̀yin akọ̀wé, ẹ̀yin awakọ̀ ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ ń fi ẹ̀yìn gbé àpò àgbàdo, àti ẹ̀yin obìnrin tí ẹ ti wà nídìí iná láti àárọ̀, ẹ kú iṣẹ́. Victorine, ẹ̀gbọ́n mi, mo rí yín pẹ̀lú àwọn ará ilé wa. Ẹ̀yin èèyàn mi, gbogbo yín pátá, ẹ fún mi létí.

Wọ́n ní kí n má sọ̀rọ̀ pẹ́. Akọ̀wé tilẹ̀ ti bá mi kọ ohun tí n ó sọ, ó kọ ọ́ dáadáa, ó kọ ọ́ lédè Faransé pàápàá, pé inú mi dùn, pé mo dúpẹ́, pé ẹgbẹ́ yìí tọ́jú mi bí ọmọ. Ìwé náà wà nínú àpò mi, ibẹ̀ ni yóò sì wà. Inú mi kò dùn, ẹ̀yin èèyàn mi. Inú mi korò bí ewúro tí a kò fọ̀. Bí mo bá sì tún parọ́ fún yín lónìí, a jẹ́ pé èyí tí mo ti pa kò tíì tó mi.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo rí àwọn tó ṣe mí lóore. Désiré, ìwọ tí ò ń tún ọkọ̀ ṣe, ìwọ tí o máa ń tẹ́tí sí ẹ́ńjìnì bí ìyá ti í tẹ́tí sí ikùn ọmọ, tí o ó sì sọ ohun tó ń dùn ún kí o tó ṣí i rárá, Ọlọ́run má gba ìmọ̀ yẹn lọ́wọ́ rẹ. Ẹ̀yin tí ẹ bá mi ti ọkọ̀ jáde nínú ẹrẹ̀ ní Adakplamè lọ́jọ́ tí òjò mú wa, tí ẹ kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi ju omi mímu lọ, mi ò gbàgbé yín. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi wakọ̀. Lọ́ọ̀rì tó ń kó ẹ̀kùrọ́ ni mo fi bẹ̀rẹ̀, nígbà tí àwọn Faransé ṣì wà níbí. Ọdún mẹ́fà tó kẹ́yìn ni ti mọ́tò Pẹjó dúdú tó dúró síta yẹn, òun ló sì jẹ́ kí n máa sọ̀rọ̀ bí mo ti ń sọ yìí.

Ọdún kejì tí a gba òmìnira ni ẹgbẹ́ rà á. Ọjọ́ tí mo wà á wọ Kétu láti Kútọnu, ẹ̀yin náà ẹ rántí. Àgbà kan sún mọ́ ọn, ó rí ojú ara rẹ̀ nínú dúdú rẹ̀, ó sì tún fìlà rẹ̀ ṣe. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Clément pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n ní, “Barnabé, mọ́tò yìí ni ojú ẹgbẹ́. Bí mo bá rí àpá kan lára ilẹ̀kùn rẹ̀, ọrùn rẹ ló wà.” Mo ní, “Ó dáa, ọ̀gá.” Ẹ wo bí ó ti rọrùn tó láti sọ pé ó dáa.

Ẹ̀yin tí ẹ kò wakọ̀ rí, ẹ ó rò pé ojú ọ̀nà ni ọkọ̀ ti ń bàjẹ́. Irọ́ ni. Ọ̀nà Kétu sí Pobè, pẹ̀lú gbogbo kòtò rẹ̀, kò ṣe ilẹ̀kùn Pẹjó ní nǹkan kan. Ibi tí a bá gbé e sí tí a ní ó ń sinmi, ibẹ̀ ni ewu rẹ̀ wà. Oṣooṣù ni à ń lọ ìpàdé ní Pobè. Igi máńgòrò mẹ́ta péré ló wà ní àgbàlá tí à ń gbé ọkọ̀ sí, ọkọ̀ á sì tó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, gbogbo awakọ̀ ló sì fẹ́ ìbòòji. Wọ́n á há ara wọn mọ́ra débi pé ẹ̀gbẹ́ lèèyàn á fi jáde. Ẹni tó wà lápá ọ̀tún á ṣílẹ̀kùn, gbà, ẹni tó wà lápá òsì á ṣí tirẹ̀, gbà. Kí ìpàdé tó tú, kò ní sí ọkọ̀ kan tí kò ní kòtò wẹ́wẹ́ lára, àfi tèmi.

Àfi tèmi, nítorí pé inú oòrùn ni mo ń gbé e sí, ní ìparí pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Oòrùn á pa mí, ilẹ̀kùn á wà. Mo mọ ọkọ̀ tí èèyàn sísanra ń wọ̀, nítorí ẹni tó sanra ní láti ṣílẹ̀kùn tán kó tó lè bọ́ọ́lẹ̀, mi ò jẹ́ sún mọ́ ọn. Mo mọ èyí tí wọ́n fi ń kó ọmọ. Nígbà tí ìyẹn kò tó mọ́, mo gé ẹní àtijọ́ kan sí méjì, Agathe, ìyàwó mi, bá mi rán òwú sínú rẹ̀, mo sì ń fi okùn so ó kọ́ ara ilẹ̀kùn. Àwọn awakọ̀ Pobè fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí. “Barnabé, ṣé òtútù ń mú mọ́tò rẹ ni? Àbí ó ti lóyún lo ṣe ró aṣọ fún un?” Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Odidi ọdún kan ni ẹní yẹn fi ṣiṣẹ́, ilẹ̀kùn kankan kò sì dé ara Pẹjó.

Ọjọ́ tí àlejò kan láti Kútọnu rí i tó bú sẹ́rìn-ín, ọjọ́ náà ni Ọ̀gá Clément ní kí n dáná sun ẹní náà. Wọ́n ní mo ń dójú ti àwọn, pé ẹní kì í ṣe ohun tí à ń so mọ́ ọkọ̀ ọ̀gá. Mo ní, “Ọ̀gá, kí ni n ó wá fi bo ilẹ̀kùn?” Wọ́n ní, “Ṣé ìwọ kò lọ́wọ́ ni?”

Mo lọ́wọ́. Ọwọ́ náà ni mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò. Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí mi ò kàn sọ fún àwọn tí mò ń gbé pé kí wọ́n rọra ṣí i. Ta ni n ó sọ ọ́ fún? Ta ní í wo ojú àgbà tó jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, kó wá máa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣílẹ̀kùn? Wọn kò tọ́ mi bẹ́ẹ̀ ní Okpomèta tí wọ́n bí mi sí. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó bọ́ọ́lẹ̀, n ó ti sáré jáde, n ó yí ọkọ̀ po, n ó fi ọwọ́ òsì mi lé ohun tí ilẹ̀kùn fẹ́ kọlù, ìbáà ṣe ògiri, ìbáà ṣe ọkọ̀ ẹlòmíràn. Ilẹ̀kùn á gbá ọwọ́ mi, kò ní gbá òkúta. Àwọn èèyàn rò pé ọ̀wọ̀ ni mò ń bù fún wọn. Wọ́n ń sọ pé Barnabé mọ iyì àgbà, Barnabé ní ẹ̀kọ́ ilé. Mo ń rẹ́rìn-ín, ọwọ́ mi ń wú.

Mo sì di ẹni burúkú nítorí ọkọ̀ náà, mi ò ní fi pamọ́. Bàbá Ògúndìran, mo rí yín lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn, ẹ̀yin tí ẹ fẹsẹ̀ rìn láti Idigny wá síbi ayẹyẹ èmi tó ṣe yín níbi. Ọjọ́ ọjà kan ni, ẹ fi kẹ̀kẹ́ yín tí ẹ di iṣu sí lẹ́yìn ti ara Pẹjó, ẹ kàn fẹ́ nu òógùn ojú. Mo ti kẹ̀kẹ́ náà ṣubú. Iṣu yín fọ́n káàkiri, ẹ̀yin tí ẹ lè bí mi lọ́mọ sì ń bẹ̀rẹ̀ ṣà á, èmi ń fi etí ẹ̀wù mi nu ibi tí kẹ̀kẹ́ ti fara kàn. Mi ò ní àwáwí kankan. Ẹ dárí jì mí.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tí mo tìtorí ẹ̀ dìde. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, a pẹ́ dé ìpàdé Pobè. Ọ̀gá Clément ló pẹ́ nílé, èmi ni wọ́n ń bá wí láti Kétu títí a fi débẹ̀. Kò sí àyè mọ́ àfi ẹ̀gbẹ́ òpó símẹ́ǹtì kan. Mo bẹ́ sílẹ̀, mo sáré yí ọkọ̀ po, mo fi ọwọ́ lé òpó náà. Inú ń bí ọ̀gá mi, wọn kò fọwọ́ ṣílẹ̀kùn, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ti i. Mo gbọ́ ọ kí n tó mọ̀ ọ́n lára. Ìka méjì ló rún sáàárín ilẹ̀kùn àti òpó. Ọ̀gá mi bọ́ọ́lẹ̀, wọ́n tẹ̀ ba, wọ́n fi àtàǹpàkò ra etí ilẹ̀kùn, wọ́n ní, “Ṣé kò ha? Ṣé ọ̀dà rẹ̀ kò hó?” Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó wo ọwọ́ mi.

Ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n pè mí sí ọ́fíìsì. Ìwé kan wà lórí tábìlì. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi, Barnabé Ọlátúndé, ń la igi ìdáná nílé mi ni ìtì igi fi wó lé mi lọ́wọ́. Ọ̀gá mi ní, “Barnabé, bí àwọn ọ̀gá wa ní Kútọnu bá gbọ́ pé èmi ni, wọ́n á ní kí n wá ṣàlàyé. Ìwọ náà mọ̀ pé mi ò mọ̀ọ́mọ̀. Fọwọ́ sí i, kò ní pa ẹnikẹ́ni lára.” Mo fọwọ́ sí i. Ọwọ́ ọ̀tún ló dá ṣáṣá, òun ni mo fi sẹ́ òsì.

Kò ní pa ẹnikẹ́ni lára. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ mọ agbo ilé wa. Ta ní í ṣe igi ìdáná níbẹ̀? Obìnrin ni. Ọkùnrin wo ní í gbé àáké kó máa la igi tí ìyàwó rẹ̀ fẹ́ fi dáná? Àfi ẹni tí ìyàwó ti sọ di ẹrú, bẹ́ẹ̀ lẹ wí. Kí oṣù tó parí, ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí ọwọ́ mi, ó ti di ọ̀rọ̀ Agathe. Agathe ló rán ọkọ rẹ̀ nígi. Agathe ló gé e níka. Victorine, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ ní Ìyá Onígi, àwọn ọmọdé gbà á lẹ́nu yín, wọ́n ń fi pè é lójú ọ̀nà odò. Ìyá mi kò fẹnu kan oúnjẹ tí Agathe sè mọ́. Ọdún méjì gbáko. Lọ́jọ́ tí ìyá mi ń kú lọ, Agathe gbé ẹ̀kọ gbígbóná dé ẹnu ọ̀nà, ìyá mi yíjú sí ògiri. Mo wà níbẹ̀. Mo lè sọ̀rọ̀, etí ìyá mi ṣì ń gbọ́. Mo ní bí mo bá sọ ọ́, iṣẹ́ mi á bọ́, ọ̀gá mi á sì tẹ́. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Èmi dákẹ́, ti ìyàwó mi ló bá mi dákẹ́.

Agathe sì mọ òtítọ́ láti ọjọ́ kìíní. Òun ló ń fi omi gbígbóná jó ọwọ́ náà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí mo bẹ̀ ẹ́ kó má sọ. Ẹ tún bi mí pé irú ọkọ wo nìyẹn?

Oṣù tó kọjá ni ìwé ìfẹ̀yìntì dé. Ó ní ọwọ́ òsì Barnabé, tó fi pa ara rẹ̀ lára nílé rẹ̀, kò lè di fóláǹ tí a fi ń darí ọkọ̀ mú mọ́, kó lọ sinmi. Irọ́ tí mo fọwọ́ sí kí iṣẹ́ má baà bọ́ lọ́wọ́ mi, òun gan-an ni wọ́n fi gba iṣẹ́ náà. Àfọwọ́fà ni. Ìwé náà sì yìn mí nísàlẹ̀, ó ní mo tọ́jú ọkọ̀ débi pé kò sí àpá kan lára ilẹ̀kùn rẹ̀. Ìyẹn nìkan ni òtítọ́ tó wà níbẹ̀. Ẹ lọ wò ó níta.

Láàárọ̀ yìí mo wọ agbádá tán, mo ní, “Agathe, jẹ́ ká lọ.” Ó ní, “Kí n wá jókòó síbẹ̀, kí wọ́n máa wò mí bí ẹni tó gé ọ lọ́wọ́? Wọ́n á tún máa bi ara wọn pé ta ló la igi tí wọ́n fi se oúnjẹ.” Ó padà sídìí iná rẹ̀. Kò bú mi. Ì bá bú mi, ì bá sàn fún mi.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Agathe kò rán mi nígi. Mi ò la igi rí lágboolé yẹn. Ọ̀gá Clément, ẹ má bojú wolẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ti ilẹ̀kùn yẹn, mo sì mọ̀ pé ẹ kò mọ̀ọ́mọ̀. Bó bá jẹ́ ti ìka nìkan ni, mi ò ní pè é mọ́ láyé. Ṣùgbọ́n ìwé yẹn, ẹ mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́, èmi náà mọ̀ọ́mọ̀ fọwọ́ sí i, obìnrin kan sì ti fi ọdún mẹ́rin san án fún àwa méjèèjì. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Ọjọ́ náà ló mọ́ yìí.

Pierre, ìwọ tí o máa bẹ̀rẹ̀ sí í wà á lọ́la, gbọ́ ìmọ̀ràn kan ṣoṣo. Gbé e sínú oòrùn. So ẹní mọ́ ọn, kí wọ́n fi ọ́ rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá sì ní kí o lo ọwọ́, jẹ́ kó ha. Bí ọkọ̀ bá ha, a ó fi ọ̀dà kùn ún. Kò sí ọ̀dà tí wọ́n fi ń kun ìka.

Mi ò ní fi yín sílẹ̀ láìsúre. Ẹ̀yin àgbẹ̀, kí àgbàdo yín gbó, kí kòkòrò má rí i. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, kí ẹ dàgbà sẹ́nu iṣẹ́, kí ọwọ́ yín méjèèjì sì bá yín délé. Kí Ọlọ́run má fi ilé ẹnikẹ́ni nínú yín ṣe ilé tí wọ́n ti ń fi aya bo ìtìjú ọ̀gá. Ọ̀gá Clément, mo súre fún ẹ̀yin náà, kì í ṣe ẹnu lásán.

Àṣà wa ni pé kí a fi orin sin ẹni tó fẹ̀yìn tì délé. Ẹni tó bá fẹ́ sìn mí lónìí, kó má kọrin. Ẹnu ọ̀nà ìdáná Agathe là ń lọ, kí kálukú sì ti mọ ohun tó máa bá a sọ. Victorine, ẹ dìde, ẹ̀yin àti àwọn ará ilé wa. Ọ̀gá Clément, ẹ̀yin lẹ máa ṣíwájú. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń sáré ṣíwájú yín dé ẹnu ọ̀nà gbogbo. Ti ibẹ̀ yẹn, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa kan ilẹ̀kùn, kí ẹ sì dúró títí ó fi máa dáhùn.

Ẹ ṣé o. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.