Obì Tí Kò Sí Nínú Ìwé

Lẹ́yìn mi nínú ọkọ̀ akẹ́rù tó ń ti Lálúpọn lọ sí Ìbàdàn, bàbá àgbẹ̀ kan ń dúpẹ́ lọ́wọ́ tíṣà abúlé wọn.

"Tíṣà, ẹ ṣeun. Díẹ̀ ló kù kí n tẹ̀ka tí ẹ fi di ọwọ́ mi mú."

"Ẹ ní kí òyìnbó Ítálì yẹn yá ilẹ̀ ẹbí yín, kó fi dá ilé iṣẹ́ ìlagi sílẹ̀. Ìwé tó gbé wá sọ pé ẹ ti tà á."

"Obì ló kúkú gbé wá tọrọ ilẹ̀. Ẹni tó gbé obì wá, ṣebí ó mọ̀ pé àlejò lòun?"

"Obì ò sí nínú ìwé, bàbá."

"Èyí tí lọ́yà wa tún kọ ńkọ́?"

"Ogún ọdún péré ló wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ilẹ̀ á padà sílé."

"Alihamudulilai! Obì ti wọnú ìwé nìyẹn."