Oògùn Tí Bàbá Ní Àwọn Gbé Mì

[Fóònù dún. Ariwo èèyàn nínú ṣọ́ọ̀bù oògùn.]

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàsán. Ṣé àlàáfíà ni?

Ẹ̀GBỌ́N: A dúpẹ́. Iṣẹ́ ńkọ́? Ìyàwó ńkọ́?

ÀBÚRÒ: Wọ́n wà. Ẹ jọ̀ọ́, àwọn oníbàárà ti tò síwájú mi, ṣé kí n pè yín padà—

Ẹ̀GBỌ́N: Má pè mí padà. Oògùn tó o fi ránṣẹ́ sí Bàbá, èwo ni gan-an?

ÀBÚRÒ: Ti ẹ̀jẹ̀ ríru náà ni. Èmi àti dókítà wọn la jọ sọ ọ́. Ọ̀kan ṣoṣo láàárọ̀, ó parí, kó má máa sú wọn bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Ó dáa. Ṣé ó máa ń mú èèyàn làágùn?

ÀBÚRÒ: Làágùn báwo?

Ẹ̀GBỌ́N: Òógùn tútù. Iwájú orí, ọrùn, ẹ̀yìn. Mo ti pààrọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì fún wọn.

ÀBÚRÒ: Bàbá? Ẹ fún wọn ní fóònù.

Ẹ̀GBỌ́N: Wọn ò lè dì í mú. Wọ́n wà lórí àga gígùn nídìí maṣíìnì ìránṣọ mi. Wọ́n dìde pé àwọn fẹ́ tọ̀, ẹsẹ̀ wọn yẹ̀, mo sáré gbá wọn mú. Hello? Ṣé o gbọ́ mi?

ÀBÚRÒ: Mo gbọ́ yín. Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ—

Ẹ̀GBỌ́N: Má sọ fún mi pé kí n fọkàn balẹ̀. Inú AC lo jókòó sí.

ÀBÚRÒ: Ẹ wé ẹ̀rọ BP yẹn mọ́ wọn lápá, ẹ ka ohun tó bá kọ fún mi.

Ẹ̀GBỌ́N: Mo ti wé e. Ó kọ error. Mo tún un wé, ó tún kọ error. Ìwọ náà lo ra ẹ̀rọ ọ̀hún.

[Ìlà fóònù ń pariwo.]

ÀBÚRÒ: Kí wọ́n tó kọ́kọ́ lò ó láàárọ̀ yìí, báwo lara wọn ṣe rí?

Ẹ̀GBỌ́N: Kò sí nǹkan tó ṣe wọ́n. Wọ́n tiẹ̀ bú mi pé tíì mi ò dùn.

ÀBÚRÒ: Tí wọ́n lò ó tán ńkọ́?

Ẹ̀GBỌ́N: Òòyì bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ wọn. Mo ní ẹ̀jẹ̀ ló tún ga yẹn. Mo fún wọn ní òmíràn.

ÀBÚRÒ: Òmíràn bíi ti báwo?

Ẹ̀GBỌ́N: Kí ni kí n ṣe? Kí n máa wò wọ́n?

ÀBÚRÒ: Ẹ̀jẹ̀ ò ga, Ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti lọ sílẹ̀ jù ni. Àmọ́ ìyẹn gan-an ò yé mi. Kódà kó jẹ́ méjì, kò yẹ kó tíì rí báyìí. Slow release ni. Ńṣe ló ń rọra yọ́ nínú ìfun, láti àárọ̀ di ọjọ́ kejì. Odidi ni wọ́n ń gbé e mì, òun á wá máa—

Ẹ̀GBỌ́N: Odidi.

ÀBÚRÒ: Odidi ni. Mo sọ fún Bàbá fúnra mi. Mo ní, ẹ ò gbọdọ̀ rún un, ẹ ò gbọdọ̀ lọ̀ ọ́. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́.

[Síbí ró nínú àwo.]

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n mi? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

Ẹ̀GBỌ́N: Mo lọ̀ ọ́.

ÀBÚRÒ: Ẹ lọ—

Ẹ̀GBỌ́N: Mo fi ìdí síbí lọ̀ ọ́ nínú àwo, mo pò ó mọ́ tíì. Méjèèjì. Kí ni mi ò kì í lọ̀ fún wọn? Mò ń lọ ẹran, mò ń lọ ẹ̀fọ́. Látìgbà tí apá wọn kan ti rọ, ọ̀fun wọn ò gba nǹkan líle mọ́.

ÀBÚRÒ: Ta ló sọ pé kò gbà á? Mo bi wọ́n kí n tó ra èyí. Mo ní, Bàbá, ṣé ẹ lè gbé oògùn ńlá mì? Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ṣé èmi ni mo fẹ́ kọ́ àwọn bí wọ́n ṣe ń gbé nǹkan mì.

Ẹ̀GBỌ́N: Kí lo fẹ́ kí wọ́n sọ? Pé mò ń fi síbí bọ́ àwọn, pé èmi ni mò ń nu itọ́ lẹ́nu àwọn? Wọ́n mú mi búra. Wọ́n ní ọjọ́ tí mo bá sọ fún ẹ, kí n kó ẹrù mi jáde nílé àwọn.

ÀBÚRÒ: Ẹ ò bá ti sọ ọ́ náà.

Ẹ̀GBỌ́N: Ìwọ ò bá ti wá wò wọ́n. Ilé ò ṣí kúrò níbi tó wà.

[Ìlà ń já.]

ÀBÚRÒ: —ẹ gbọ́ mi? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

Ẹ̀GBỌ́N: Mo gbọ́ ẹ. Kí ni nǹkan náà ń ṣe nínú wọn báyìí? Sọ ọ́ kó yé mi.

ÀBÚRÒ: Ó máa ń dẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ ni, kí ọ̀nà lè fẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ má fipá kọjá. Díẹ̀díẹ̀ ló yẹ kó máa ṣe é. Ní báyìí, ti ọjọ́ méjì ti já wọ ara wọn lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo iṣan ti dẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ò lágbára tó máa fi gòkè dé orí.

Ẹ̀GBỌ́N: Bíi rọ́bà ìbàdí tó ti dẹ̀.

ÀBÚRÒ: Bẹ́ẹ̀ ni. Ọkàn á wá máa sáré kó lè— ẹ fọwọ́ lé wọn láyà.

Ẹ̀GBỌ́N: Ó ń sáré. Ó ń sáré gan-an.

ÀBÚRÒ: Ẹ tẹ́ wọn gbalaja. Ẹsẹ̀ lẹ máa fi ìrọ̀rí sí lábẹ́, kì í ṣe orí. Ẹ má fún wọn ní nǹkan kan mu. Ta ló ní mọ́tò nítòsí?

Ẹ̀GBỌ́N: Mẹkáníìkì ìsàlẹ̀ ti lọ gbé ti oníbàárà rẹ̀ kan wá.

ÀBÚRÒ: Ọsibítù ni o. Ẹ mú páálí oògùn dání. Ẹ sọ fún dókítà pé ẹ lọ̀ ọ́. Tó bá rò pé odidi ni wọ́n gbé mì, á rò pé àyè ṣì wà. Àyè ò sí.

Ẹ̀GBỌ́N: Kí n dúró níwájú dókítà, kí n sọ pé èmi ni mo lọ májèlé fún bàbá mi.

ÀBÚRÒ: Mi ò pè é ní májèlé.

Ẹ̀GBỌ́N: O ò tíì pè é ni. Tí nǹkan bá ṣe wọ́n, gbogbo mọ̀lẹ́bí á pè é. Wọ́n á ní ìwọ ra oògùn gidi ránṣẹ́, èyí tó wà nílé ló fi pa wọ́n. Èmi tí mo kó maṣíìnì kúrò ní ṣọ́ọ̀bù wá sí pálọ̀ nítorí wọn.

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́—

Ẹ̀GBỌ́N: Inú ń bí mi. Ó ń bí mi sí ẹ, ó ń bí mi sí Bàbá náà. Tí wọ́n bá ń bá ẹ sọ̀rọ̀, ohùn wọn á le koko. Bí wọ́n bá ṣe gbé fóònù sílẹ̀ báyìí, wọ́n á la ẹnu kalẹ̀ kí n fi síbí sí i.

[Hóònù mọ́tò nísàlẹ̀.]

Ẹ̀GBỌ́N: Mọ́tò ti dé.

ÀBÚRÒ: Kẹ́ ẹ tó gbé wọn, ẹ gbé fóònù sí wọn létí. Kí n mọ̀ bóyá wọ́n ṣì mọ èèyàn. Please.

[Aṣọ ń ha fóònù.]

Ẹ̀GBỌ́N: Bàbá, ọmọ yín ni. Ẹ dá a lóhùn.

ÀBÚRÒ: Bàbá? Èmi ni. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

[Mímí, ó wúwo.]

BÀBÁ: Ta ni?

ÀBÚRÒ: Àbíkẹ́yìn yín ni. Báwo lara?

BÀBÁ: Ara... le. Oògùn ẹ dáa.

ÀBÚRÒ: Bàbá, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ọ̀fun yín—

BÀBÁ: Mo gbé e mì, ọmọ mi. Odidi. Omi ni mo fi... gbé e mì.

[Aṣọ ń ha fóònù.]

Ẹ̀GBỌ́N: O gbọ́ ọ fúnra ẹ?

ÀBÚRÒ: Mo gbọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má jẹ́ kí dókítà bi Bàbá ní nǹkan kan. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀. Pé odidi ni àwọn gbé e mì náà ni wọ́n máa sọ fún un. Ẹ sọ pé ẹ lọ̀ ọ́. Ẹ ní èmi ni mo ní kẹ́ ẹ lọ̀ ọ́, tó bá máa ṣòro sọ. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Ẹ̀gbọ́n mi? Ṣé ẹ gbọ́—

[Ìlà já.]