Ọdún Mọ́kàndínlógún Nídìí Káàdì Shuji

Ẹ gbé ọsàn yẹn kúrò lórí káńtà mi, Ẹ̀gbọ́n Chizuru, ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní jẹ ọsàn kankan, ẹ má sì bínú sí mi torí ẹ̀yin kọ́ ni mò ń bá jà. Àmọ́ kí Shuji ṣẹ̀ mí tán, kó wá rán ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin sí mi ní ọjọ́ Mọ́ńdè, níbi tí mo ti ń lọ aṣọ oníbàárà, pé kí n kó ìwé mi fún òun. Ìwé mi o. Ìwé mẹ́rìnlá tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ, tó fẹ́ fi múra ìdíje káàdì ńlá ti Tokyo. Ṣé ojú kì í ti àbúrò yín ni? Ẹni tó ṣu ló máa ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ẹ jókòó, àga wà lẹ́yìn yín níbẹ̀, ẹ gbé kóòtù yẹn sí ẹ̀gbẹ́ kan. Tí ẹ bá fẹ́ jíṣẹ́ fún mi, ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ tèmi.

Ta ló ń to káàdì fún Shuji? Ẹ ò lè sọ pé ẹ ò mọ̀, torí yàrá òkè ilé yín la ti bẹ̀rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wá, ẹ̀yin lẹ máa ń gbé tíì tútù gòkè wá fún wa, tí ẹ ó ní kí la tún ń fi bébà ọmọdé yìí ṣe, ṣé wọn ò fún wa níṣẹ́ ní ilé-ìwé ni. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni àwọn tó ń ṣe káàdì máa ń gbé tuntun jáde, gbogbo ayé á sì máa wá ìdì káàdì tó lágbára jù lọ tí wọ́n á fi bá ẹnì kejì jà lórí tábìlì, èmi á wá jókòó, màá to irú ìdì bẹ́ẹ̀, ọgọ́ta káàdì sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìdì márùn-ún, ìdì mẹ́fà. Káàdì tí mi ò bá ní, màá gé bébà, màá fi báírò kọ orúkọ rẹ̀ sí i, màá tì í bọ inú àpò ọ̀rá níwájú káàdì yẹpẹrẹ kan. Ṣé kí èmi lè fi ṣeré ni? Rárá o. Kí Shuji lè rí ọ̀tá tó máa fi dánra wò ni. Èmi ni ọ̀tá. Ọdún mọ́kàndínlógún, lẹ́yìn iṣẹ́, lójoojúmọ́ tí ó bá ti ń palẹ̀ mọ́ fún ìdíje, èmi ni mò ń di ìdì ọ̀tá mú, ó ń nà mí, mò ń po káàdì pọ̀, ó tún ń nà mí, bó bá ti nà mí tán màá kọ ọ́ sínú ìwé pé yọ méjì yìí, fi ẹyọ kan tọ̀hún kún un, ibí yìí lo ti kánjú.

Ẹ sọ fún mi, ta ló ń rántí ẹni tí wọ́n fi ń dánra wò? Bí fọ́tò bá jáde lẹ́yìn ìdíje, Shuji ló máa ń gbé ife dání. Mi ò sì bínú o. Mo wá inú ara mi títí, mi ò rí ìlara kankan níbẹ̀. Bó bá ti borí, èmi náà ti borí nìyẹn, bí mo ṣe ń rò ó nìyẹn. Òmùgọ̀ ni mí.

Àmọ́ èmi náà ní ìdì tèmi. Ẹ mọ̀ ọ́n, ìdì àkèré yẹn, tí àwòrán àkèré wà lára mẹ́jọ nínú káàdì rẹ̀, tí Shuji máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lójú yín pé kí n lọ kó wọn dà sí oko ìrẹsì. Àwọn àkèré yẹn kì í jà. Wọ́n kàn máa ń jókòó ni, wọ́n á máa fara gba ìyà, títí káàdì ẹni tó ń bá wọn jà á fi tán nílẹ̀, torí nínú eré yìí, ẹni tí kò bá rí káàdì fà mọ́ ti fìdí rẹmi. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi ń tún un tò. Gbogbo káàdì tó yí wọn ká ni mo ti yọ, tí mo fi òmíràn rọ́pò, ìgbà tí mi ò lè kà, ṣùgbọ́n àwọn àkèré mẹ́jọ náà, mi ò yọ wọ́n rí. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, ẹ̀gbọ́n mi, ibẹ̀ ni ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀.

Sọ́ńdè ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, a jọ wọ rélùwéè láti Hamamatsu níbí lọ sí ìdíje kan ní Nagoya. Mo ra àpò ọ̀rá tuntun sínú báàgì, mo ní bí mo bá débẹ̀, màá bọ́ gbogbo èyí tó ti gbó lára káàdì mi, màá fi tuntun wọ̀ wọ́n. A ò tíì dé Toyohashi tí Shuji da kọfí olómi ṣúgà sórí ìdì tirẹ̀. Gbogbo àpò lẹ̀ mọ́ra wọn. Ẹ rí ojú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Mi ò ronú lẹ́ẹ̀mejì. Mo yọ tuntun mi, mo kó o fún un, èmi náà ni mo bá a wọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan lórí itan wa títí a fi dé. Ó bi mí pé, 'Ìwọ ńkọ́?' Mo ní tèmi ṣì dáa. Mo rò pé màá rí òmíràn rà níbẹ̀, àṣé ó ti tán lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á.

Ẹ̀gbọ́n Chizuru, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í borí. Èmi tí wọ́n ń nà láti ọjọ́ tí mo ti dáyé. Èyí tó bá pàdé àkèré mi ń rìn kúrò nídìí tábìlì, ó ń mi orí. Nígbà tó máa ku èèyàn méjì, nínú igba ó lé ogójì, èmi àti Shuji ni. Inú mi dùn débi pé mo ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń jókòó, mo sọ fún un pé ẹni tó bá borí ló máa ra apá adìyẹ díndín fún ẹnì kejì. Kò rẹ́rìn-ín padà. Mo ní ara rẹ̀ ni kò balẹ̀.

Ó jẹ ọ̀kan, mo jẹ ọ̀kan, ó wá ku ẹ̀ẹ̀kẹta. Nílẹ̀ níbẹ̀, káàdì mẹ́rin ló kù fún Shuji láti fà, tèmi ku mọ́kànlá. Ẹni tó bá mọ eré yìí mọ̀ pé ó ti parí. Òun náà mọ̀. Ó wo káàdì mẹ́rin rẹ̀, ó wo ojú mi, ó wá wo ẹ̀yìn ìdì mi. Ló bá na ọwọ́ sókè, ó pe rẹfirí.

Ó ní kí wọ́n yẹ àpò ọ̀rá mi wò. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Igun àwọn àkèré mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ti funfun, wọn ò ṣe ní funfun, láti ìgbà wo ni wọ́n ti wà nínú àpò yẹn, àwọn yòókù sì ń dán torí wọn ò tíì pẹ́ tí mo fi wọ́n kún un. Ẹni tó bá wo ẹ̀yìn wọn á mọ èyí tó jẹ́ àkèré kó tó ṣí i. Òfin ò gbà bẹ́ẹ̀, ẹni tí ìdì rẹ̀ bá rí bẹ́ẹ̀ ti pàdánù eré náà. Ṣùgbọ́n ta ló mọ̀ pé igun wọn ti funfun? Ta ló ti ń jókòó kọjú sí wọn láti ọdún mẹ́jọ? Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Àpò tuntun tèmi ló sì wà lára káàdì tirẹ̀, tó ń dán gbinrin níwájú rẹfirí.

Ẹ rò pé ìyẹn ló ń dùn mí? Kò dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Òfin lòfin, èmi ni mi ò bójú tó o, kó gba ife, mo ti gbà fún un. Ẹ jẹ́ n sọ èyí tí mi ò tíì sọ fún ìyàwó mi. Obìnrin tó ṣe rẹfirí yẹn, Nomura lorúkọ rẹ̀, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kò fẹ́ pè mí lólè. Ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá àṣìṣe ni àbí mo mọ̀ọ́mọ̀ sàmì sí wọn. Ó wá kọjú sí Shuji, ó ní, 'Ṣé ẹ mọ ọkùnrin yìí? Irú èèyàn wo ni?' Mo mí kanlẹ̀. Mo ní ó ti bọ́ sí i, ọ̀rọ̀ ti dọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ mí.

Ẹ mọ ohun tí àbúrò yín sọ? Ó ní, 'Mo kàn máa ń rí i ní ṣọ́ọ̀bù káàdì ni.'

Ó kàn máa ń rí mi. Èmi tí mo sùn ti bàbá yín ní ọsibítù kí Shuji lè lọ sí ìdíje. Wọ́n kọ orúkọ mi sílẹ̀ pé wọ́n fura sí mi, wọ́n ní kí n má ṣe jókòó nídìí ìdíje kankan fún odidi ọdún kan. Mo dá wọ rélùwéè padà, mo kọjú sí fèrèsé, mo sunkún, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n.

Ẹ ní kí ni? Ẹ ní ẹ̀rù ló bà á, pé bó bá ní ọ̀rẹ́ òun ni mí, wọ́n á ní a jọ gbìmọ̀ pọ̀? Ṣé òun ló ní kí ẹ sọ bẹ́ẹ̀ àbí ẹ̀yin lẹ rò ó? Ó dáa, ẹ jẹ́ ká gbà pé ẹ̀rù bà á. Ẹ̀rù ìṣẹ́jú kan, mo lè fi jì í. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ńkọ́? Sátidé tó kọjá, mo wọ ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń ṣeré, àwọn tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́ ní eré fa báàgì káàdì wọn mọ́ra. Shuji wà níbẹ̀. Ó tẹjú mọ́ fóònù rẹ̀.

Ìwé yẹn wà nínú dúrọ́ọ̀ yìí. Mi ò sun ún, mi ò sì ní sun ún. Ẹ wò ó, ẹ ṣí i wò, ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo kọ ojú ewé yìí, ìdì márùn-ún tó máa bá pàdé ní Tokyo nìyí, mo ti kọ bó ṣe máa nà wọ́n. Mi ò mọ ohun tó ń ṣe mí. Mo ń bínú sí i, ọwọ́ mi ṣì ń ṣiṣẹ́ fún un.

Rárá, ẹ má tẹríba fún mi, ẹ̀gbọ́n, ẹ dìde. Mi ò fẹ́ kó bẹ̀ mí, mi ò fẹ́ ife rẹ̀. Ẹ sọ fún un kó pe Nomura, kó ní kó tún bi òun ní ìbéèrè yẹn. Mi ò ní kó yìn mí. Kó kàn sọ pé òun mọ̀ mí. Lọ́jọ́ tó bá sọ ọ́, kó wá kó ìwé, mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá, èmi ni màá bá a rù ú dé ibùdókọ̀.