Ìyá Méjì Lẹ́nu Bọ́dà

NUSAIBAH: Ẹ káàsán ma, Mọ́mì. Ilé ńkọ́? Ṣọ́ọ̀bù ńkọ́?

ÌYÁ: Wọ́n wà. Fóònù ta lo fi ń pè? Ṣé o ti dé Ìbàdàn?

NUSAIBAH: Mo ti... Mọ́mì, ṣé ẹ gbọ́ mi?

[Ariwo ọkọ̀. Ẹnì kan ń sọ Faransé.]

ÌYÁ: Mo gbọ́ ẹ, mo sì gbọ́ Faransé. Ìbàdàn wo nìyẹn?

NUSAIBAH: Ẹ má bínú. Bọ́dà Sẹ̀mẹ̀ ni mo wà.

ÌYÁ: Sẹ̀mẹ̀ kẹ̀! Ìwọ tí mo bá rán níṣẹ́ láti Ìgandò dé Abúlé Ẹ̀gbá, wàá ní ó ti jìnnà jù!

NUSAIBAH: Obìnrin kan tí mò ń pè ní Àǹtí Princess ló ń mú mi lọ sí Ghana, kí n máa dirun ní sàlúù. Ó ti gba fóònù mi. Ó ní tí wọ́n bá bi mí, kí n sọ pé òun ni ìyá mi—

ÌYÁ: Ìyá ta? Ṣé mo ti kú ni?

BÀRÁKÀT: Màmá, ẹ rọra. Bàrákàt ni mí, ọlọ́pàá ti Kùtọnu, ọmọ Àjàṣẹ́. Fóònù mi ló fi ń pè yín. Ọ̀gá Ọláníyan, immigration tiyín, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. A jọ ń ṣọ́ bọ́dà ni. Àwọn tó ń kó ọmọ lọ báyìí kì í mú wọn dé sàlúù kankan. Obìnrin yìí ṣì ń búra pé òun ló bí i—

ÌYÁ: Ó bí i níbo?

BÀRÁKÀT: Mo bi í ní oríkì ọmọ. Ó ní Àbẹ̀kẹ́.

ÌYÁ: [ẹ̀rín] Àbẹ̀kẹ́! Ó jí ọmọ gbé, kò tiẹ̀ bèèrè oríkì ẹ̀!

BÀRÁKÀT: Ọmọ ti sọ tiẹ̀ sí mi létí. Tẹ́ ẹ bá pè é bó ṣe jẹ́, Ọ̀gá Ọláníyan á mú un wálé. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

ÌYÁ: Ó ń já... Hálò!

BÀRÁKÀT: Oríkì ẹ̀, Màmá!

ÌYÁ: Ọmọ yẹn ní kí n má pe òun bẹ́ẹ̀ mọ́ o. Ó ní ó ń dójú ti òun lọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ òun—

NUSAIBAH: Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é!

ÌYÁ: Lójú gbogbo èèyàn? Are you sure?

NUSAIBAH: Mọ́mì!

ÌYÁ: Àwẹ̀ró! Àwẹ̀ró ọmọ Ajílété, ọmọ tí mo wẹ̀, tí mo pọ̀n... Ṣé o gbọ́ mi?

BÀRÁKÀT: Òun náà ni! Ọ̀gá Ọláníyan, ẹ mú ọmọ. Ìwọ Princess, jókòó síbẹ̀.

[Ẹkún]

ÌYÁ: Ó tó, má sunkún mọ́. Mi ò ní pè ẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ jàre.

NUSAIBAH: Rárá o. Ẹ tún un pè, Mọ́mì.

ÌYÁ: Àwẹ̀—

[Fóònù já]