Àwọn Alámùrè Tí Òùngbẹ Ń Gbẹ Nínú Odò

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Èmi kì í ṣe wòlíì, n kò sì ríran rí títí di ọ̀sán àná. Ohun tí mo rí nìkan ni n ó sọ. Ibi tí kò bá yé mi, n ó ní kò yé mi.

Gbogbo yín mọ yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa, níbi tí àwa tí ọtí fẹ́ pa ti máa ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. A ó gbàdúrà, a ó sọ bí ọ̀sẹ̀ ti rí fún wa, lẹ́yìn náà a ó sin ara wa délé, kí ẹnikẹ́ni má baà dá kọjá níwájú ìsọ̀ ọlọ́tí. Ẹ sì mọ̀ pé ẹni tó bá ti jẹ́rìí níwájú ìjọ pé òùngbẹ ọtí ti kúrò lára òun, Ìyá Àdúrà a so àmùrè funfun mọ́ ọn nídìí, kò sì ní padà sí yàrá yẹn mọ́. Òní ni wọ́n ní kí n gba tèmi. Ìyàwó mi ti fi sítáàṣì sí àmùrè náà, ó ti lọ̀ ọ́, ó ti pe àwọn ẹbí rẹ̀. Ẹ̀yìn lọ́hùn-ún ni wọ́n jókòó sí.

Lẹ́yìn àdúrà ọ̀sán àná, mo gbé orí lé àmùrè náà, mo sì sùn lọ.

Mo rí ọkùnrin kan, eruku wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ bíi ti ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn dé. Ó ní kí n máa tẹ̀lé òun. A kọjá níbi tí àwọn alágbèrè ti ń wá ilẹ̀kùn ilé ara wọn, tí wọn kò rí i. A kọjá lára àwọn tó ń fi ẹ̀wọ̀n de aláìsàn mọ́lẹ̀, tí wọ́n ń nà án pé àwọn ń lé ẹ̀mí ọtí jáde. Ẹ̀wọ̀n náà ni wọ́n ń rù, ó sì ń gùn sí i. Mo bi í bóyá ibẹ̀ ni tèmi. Ó ní, “Tìrẹ ṣì wà níwájú.”

A dé etí odò kan, omi rẹ̀ mọ́, ó tutù, àwọn ènìyàn sì dúró sínú rẹ̀ dé ọrùn, gbogbo wọn so àmùrè funfun, ètè wọn ti là, ahọ́n wọn gbẹ bí èèpo igi, wọn kò lè tẹ orí ba kí wọ́n mu, àwọn kan sì ń gbé igbá omi kiri, wọ́n ń bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan pé ṣé òùngbẹ ń gbẹ wọ́n, gbogbo wọn sì ń dáhùn pé rárá, ó ti tán, ògo ni fún Olúwa, bí wọ́n bá sì ti sọ ọ́, iná a yọ lẹ́nu wọn, igbá a kọjá, wọn a sì bú sẹ́kún.

Arákùnrin Gbóyèga wà níbẹ̀, ẹni tó ń dá orin fún wa, tí a sin tàmùrè-tàmùrè, tí a ní àìsàn ọkàn ló pa á. Mo kígbe sí i pé kó ṣáà sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó wò mí. Ojú rẹ̀ ń sọ ọ́, ẹnu rẹ̀ kò lè sọ ọ́.

Amọ̀nà mi ní, “Òùngbẹ kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ wọn. Wọ́n sẹ́ ẹ títí ó fi pa wọ́n.”

Mo ní, “Àwọn tó pàtẹ́wọ́ fún wọn ńkọ́?”

Ó ní, “A ó bi wọ́n.”

Mo rí àyè kan tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gbóyèga. N kò bèèrè ẹni tó ni ín.

Lẹ́yìn náà ó mú mi dé ibi ìsinmi. Mo retí wúrà. Yàrá kan ni mo rí, atẹ́gùn ń fẹ́ níbẹ̀, pẹ̀lú bẹ́ǹṣì gígùn bíi tiwa gan-an. Bọ̀dé fọkanáísà jókòó síbẹ̀, ó ń mu omi díẹ̀díẹ̀. Ẹ rántí Bọ̀dé, tó máa ń dìde ní Ọjọ́bọ̀ pé, “Ẹ̀yin ará, táyà mi tún ti jò o, ẹ bá mi lẹ̀ ẹ́.” A máa ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́ kó tó bá wa, ó sì kú láìgba àmùrè. Àwọn kan nínú wa ní ọ̀run àpáàdì ló lọ.

Amọ̀nà mi ní, “Ó ṣubú. Ṣùgbọ́n ìgbàkígbà tó bá ṣubú, ó máa ń pè wá.”

Bọ̀dé wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, “Bàbá Sùnmbọ̀, ẹ̀yin náà fẹ́ di alámùrè. Ṣé òùngbẹ ọ̀hún ti wá lọ ni?”

Mo la ẹnu láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ahọ́n mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Mo pa ẹnu dé. Mo fẹ́ jókòó tì í, ó na ọwọ́ dí àyè náà. Ó ní, “Ẹ má tíì jókòó síbí. Ẹ padà sórí bẹ́ǹṣì tiyín.”

Mo jí. Etí àmùrè náà wà láàárín eyín mi, omijé sì ti rin ín. Ìyàwó mi ń bi mí ohun tó ṣe mí, mo ká àmùrè náà pamọ́.

Nítorí náà, Ìyá Àdúrà, àmùrè yín rèé. Ìyá Sùnmbọ̀, má bínú. Òùngbẹ ń gbẹ mí. Ó gbẹ mí láàárọ̀ yìí bí mo ti ń wọ bàtà bọ̀ wá síbí. Mo gbà pé Ọlọ́run ń gbọ́ àdúrà wa. Òun ló jẹ́ kí n lè sọ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti so tiyín, tí ẹ ń dá òùngbẹ náà mú mọ́ra láti ọjọ́ yẹn, mo bẹ̀ yín, ẹ ṣọ́ra, mo ti rí odò náà. Bẹ́ǹṣì wa ṣì wà lẹ́yìn níbẹ̀, kò kún.

Bí ìsìn bá parí, kí ẹnì kan jọ̀wọ́ sìn mí délé.