Irin Tí Òòfà Kò Gbé

Ẹ sún mọ́ mi. Ẹ má tíì sunkún, mi ò tíì kú. Scholastique ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ fún mi lẹ́kọ mu tán ni. Ṣùgbọ́n dókítà ti wo àyà mi, ó mi orí, èmi náà sì gbọ́ ohun tí kò sọ. Nítorí náà ni mo ṣe pe ẹ̀yin ajórin Ifangni sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi lọ́sàn-án yìí, kí n lè pọ ọ̀rọ̀ kan tí mo gbé mì láti ọdún mẹ́ta jáde. Èmi Ògúnmọ́lá, ọ̀gá yín, èké ni mí. Ifálérè tó jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn yẹn kò ba ẹ̀rọ mi jẹ́. Èmi ni mo bà á jẹ́, tí mo sì gbé ẹ̀bi rẹ̀ wọ̀ ọ́ bí ẹ̀wù.

Ẹ mọ ẹ̀rọ ìjórin náà. Bàbá mi ló fọwọ́ ara rẹ̀ dì í: wáyà lórí wáyà, òwú láàrin, àpótí irin níta. Lọ́jọ́ ọdún Ògún, a máa ń ta epo pupa sí ẹsẹ̀ irinṣẹ́ wa. Ẹsẹ̀ o! Èmi tí mo gbọ́n jù, ihò tí ẹ̀rọ fi ń mí ni mo máa ń da tèmi sí, kó lè yó dénú. Ifálérè ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ ta á sí. Ẹ má dà á sínú, ẹ jọ̀ọ́." Mo wò ó látòkè délẹ̀. Mo ní, "Ìwọ tí mo kọ́ bí a ṣe ń di irin mú, ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi bí a ṣe ń bọ Ògún? Ó yá, wá pọ̀n mí, kó o fún mi lọ́mú!" Gbogbo yín rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló kó bá mi.

Kò pẹ́ sígbà náà, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí. Bí mo bá fọwọ́ kan àpótí rẹ̀, iná á gbọn apá mi jìgìjìgì. Mo wọ bàtà rọ́bà, mo ń bá iṣẹ́ lọ. Lọ́jọ́ tí Ifálérè wá yá a, nítorí géètì tó ń ṣe fún Justine, opó kan ní Banigbé, ó bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò ní wàhálà?" Mo fọwọ́ sọ àyà. "Ẹ̀rọ bàbá mi? Ó le bí akọ òkúta!" Mo mọ̀ pé ó ń ta ènìyàn. Mi ò kàn lè sọ ọ́ lójú ẹni tó ti kìlọ̀ fún mi.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ló gbé e padà lórí alùpùpù, pẹ̀lú obì àti ìgò ọtí sódábì kan, bí a ṣe máa ń dá irin àyálò padà. Ó fi aṣọ wé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun. Mi ò tíì jó ju ibi mẹ́rin lọ lára géètì náà. Èéfín yọ, iná gbé mi, ó sọ mí mọ́lẹ̀. Vraiment, lóòótọ́, mi ò mọ ohun tí mo ṣe." Ẹni tí iná gbé ló ń bẹ ẹni tó rán iná sí i! Mo gba sódábì. Mo tilẹ̀ mu ún.

Nígbà tí mo tú ẹ̀rọ láti tún un ṣe, kí ni mo rí? Gèlè Scholastique, èyí tó ti sọnù láti oṣù méjì, tí mo ti pariwo lé e lórí pé àbúrò rẹ̀ ló fún. Àwọn eku ti ya á wẹ́wẹ́, wọ́n fi tẹ́ ìtẹ́. Epo tí mo dà sínú ni wọ́n bá wá. Wọ́n jẹ òwú àárín wáyà, wáyà bá fara kan wáyà. Inú ilé mi níbí ni eku ti wọ inú rẹ̀, kí Ifálérè tó fojú kàn án. Ǹ bá pe ìyàwó mi kó wá wo gèlè rẹ̀, ká jọ rẹ́rìn-ín, kó tán. Iná ni mo fi sun ìtẹ́ náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi di wáyà tuntun, ọwọ́ mi ń ṣe òótọ́, ẹnu mi ń purọ́ kiri: "Ifálérè ló jó o."

Ifálérè ní ká búra. Victorin, pèrèsídáǹtì ẹgbẹ́ wa, ní kí àwa méjèèjì mú irin wá, ká fẹnu kàn án. Ifálérè gbé òòlù rẹ̀ sẹ́nu, ó búra pé ọwọ́ òun mọ́. Ẹ tẹ́tí, ibi tó burú jù rèé. Ọ̀pá alumíníọ̀mù ara fèrèsé àtijọ́ ni èmi mú. Mo fi èédú ìdí ìkòkò pa á lára, mo gbé e sẹ́nu níwájú yín. Mo ní nínú ọkàn mi pé irin nìkan ni Ògún ní, kò ní bi alumíníọ̀mù léèrè. Ọgbọ́n àgbà! Nígbà tó di ọjọ́ kẹsàn-án, iná ta láti ara irin sí Ifálérè lójú òsì, ojú náà sì fọ́. Ẹ ní Ògún ti dájọ́. Mo mi orí bí ẹni tó káàánú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbéṣẹ́ fún un mọ́. Ẹrù ló ń rù ní bodè Igolo, tó ń fi ojú kan wá ọ̀nà láàrin ọkọ̀.

Ifálérè, má dárí jì mí torí pé mò ń kú lọ. Ikú mi kì í ṣe ẹ̀bẹ̀. Géètì Justine ṣì wà níbẹ̀, okùn ni wọ́n fi so ó. Gbé ẹ̀rọ yìí, tìẹ ni. Lọ parí rẹ̀, kí Banigbé rí i pé ọwọ́ rẹ mọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ wà níbí, bí ẹ bá yá ènìyàn ní ẹ̀rọ, ẹ yá a tàìsàn-tàìsàn: ẹ sọ ohun tó ń ṣe é.

Ẹ dákẹ́. Mo mọ ohun tẹ́ ẹ ń rò: ẹni tó fi alumíníọ̀mù búra, ta ni yóò gbà á gbọ́? Òòlù Ifálérè ọjọ́ yẹn ló wà lórí tábìlì yẹn; èmi ni mo ní kó gbé e wá, òun ni mo fẹ́ fi búra lónìí. Victorin, òòfà tí kì í gbé alumíníọ̀mù rèé, mo tú u lára rédíò mi. Fi kan òòlù náà. Bí kò bá gbé e, ẹ má gba ọ̀rọ̀ mi kankan gbọ́.

Ó gbé e, àbí?

Ifálérè, ìwọ ni kó o gbé e wá sẹ́nu mi.